Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wọn?

Ní ilé wa, ọmọ méjì ni àkọ́bí. Bí ẹ bá bi wá pé èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì, a máa kọ́kọ́ wò yíká ná, kí á mọ ẹni tó wà nítòsí. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ wọn ló wà níbẹ̀, Táyé ni. Bí ó bá jẹ́ Hajiya tí ilé wọn fara kan tiwa ni, Táyé náà ni. Ṣùgbọ́n bí Màmá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ bá wà ní ìjókòó, ẹ má wulẹ̀ ṣe àríyànjiyàn: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yorùbá wo ni kò mọ̀ ọ́n?

Ìlú Jos ni à ń gbé, ibẹ̀ náà la sì bí àwọn ọmọ sí. Táyé jẹ́ ọkùnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún méje ni wọ́n. Ìdòwú tó tẹ̀lé wọn jẹ́ obìnrin, ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Jos kì í ṣe àjòjì sí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ayé ìgbà tí àwọn òyìnbó ti ń wa tíìnì níbẹ̀, tí ọkọ̀ ojú irin sì ti dé, ni àwọn èèyàn wa ti ń kó ọjà lọ. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí ọmọ ọmọ wọn kò tíì sọdá Odò Ọya rí. Nílé tiwa, Haúsá ni èdè ìta, Gẹ̀ẹ́sì ni ti ilé-ìwé, Yorùbá sì ni ti yàrá ìdáná, nítorí ibẹ̀ la ti ń bá wọn wí jù. Nínú àwa méjèèjì tí a bí wọn, ọ̀kan kàwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, títún ìwé oníwèé ṣe ló sì fi ń jẹun. Àwọn ẹbí máa ń fi èyí ṣe wá yẹ̀yẹ́ dáadáa.

Nígbà tí a bí àwọn ìbejì, kí ọjọ́ ìkómọ tó pé ni àwọn aládùúgbò ti sọ wọ́n lórúkọ tán. Hassan ni wọ́n pe Táyé, Hussaina ni wọ́n pe Kẹ́hìndé. Nígbà tí ọmọ kẹta dé, wọ́n ní, “Gambo ti dé!” A rẹ́rìn-ín, torí Gambo tí wọ́n wí yẹn, Ìdòwú gan-an ni lédè Haúsá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Fọ̀n ní ilẹ̀ Benin ṣe ń pe ọmọkùnrin tó bá tẹ̀lé ìbejì ní Dossou, tí àwọn Akan ní Ghana sì ń pe tiwọn ní Tawia. Ó jọ pé ní agbègbè wa yìí, ibi yòówù tí ìbejì bá ti kọjá, wọ́n ní orúkọ nílẹ̀ fún ẹni tó wá gbálẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ibi tí ọ̀nà ti pín ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Orúkọ àwọn ọmọ ọmọ Ànábì Muhammad ni àwọn Haúsá ń sọ ìbejì. Hasan àti Husayn kì í ṣe ìbejì ní tiwọn, ó tó nǹkan bí ọdún kan tí Hasan fi ju àbúrò rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ni Hassan, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ parí. Táyé ti mọ adùn èyí láti kékeré. Òun ló ń jókòó síwájú nínú ọkọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Kẹ́hìndé kò sì bá a jà, torí kò tíì sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀nà mìíràn wà.

Ẹni náà wá dé ní oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ Jos ti le débi pé omi àárọ̀ ń ta èèyàn bí agbọ́n.

Ọdún méjì ti kọjá tí Bàbá ti jáde láyé, ilé Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti tóbi ju ènìyàn kan lọ. A bẹ Màmá pé kí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Láti àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ la ti ń sọ fún àwọn ọmọ: “Màmá Àgbà ń bọ̀ o. Wọ́n ti wọ ọkọ̀. Wọ́n ti kọjá Jẹ́bà. Wọ́n máa dé kí ilẹ̀ tó ṣú.” Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó dé lóòótọ́. Èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ìgò epo méjì, ẹrù ń bọ́ sílẹ̀ ṣáá. Táyé dọ̀bálẹ̀, Kẹ́hìndé kúnlẹ̀. Ìdòwú náà kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òde nínú òkùnkùn.

Màmá ní, “Kí lò ń wò, ọmọ mi?”

Ó ní, “Àwọn yòókù ńkọ́?”

“Àwọn yòókù wo?”

“Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpò èlùbọ́. Àwa náà kò lè dúró. Ọmọdé tó ń gbọ́ Haúsá lójoojúmọ́ mọ̀ pé ẹnì kan ni ẹnì kan, bó ti wù kó dàgbà tó. Ó máa yà á lẹ́nu pé ìyá àgbà kan ṣoṣo lè jẹ́ “wọ́n”. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Ìdòwú ṣì ń bu omi mu fún Màmá ní ife méjì.

Òun náà ló rí Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú súwẹ́tà méjì, ìborùn, ìró lórí ìró, àti gèlè tí wọ́n fi dí etí, tó sì bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Màmá Àgbà, ṣé ẹ ti di àlùbọ́sà ni?”

Ti Ìdòwú rọrùn. Ẹni ọdún mẹ́rin kì í tijú, ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ. Kẹ́hìndé náà ń gbìyànjú. Ti Táyé ló le. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí Màmá bá sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn, tàbí Haúsá, Màmá kò sì gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ òun kò wọlé, ó dákẹ́. Bí Màmá bá pè é, yóò wá, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò mi orí, yóò sì tún bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan la gbọ́ tí Màmá ń bá àbúrò wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá. Wọn kò mọ̀ pé ohùn wọn ń jáde. Wọ́n ní, “Ọmọ náà ń gbọ́ mi, èmi ni n kò gbọ́ ọ. Mo bí ọmọ, ọmọ mi bímọ, mo wá ń wò ó bí ẹni tó dúró lẹ́yìn fèrèsé.” Wọ́n ní bí ọdún bá ti yí, àwọn yóò padà sílé, kí àwọn má baà máa jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sá fún àwọn nínú ilé bàbá rẹ̀.

Àwa méjèèjì kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan nínú wa ní kí á kéde pé láti ọ̀la lọ, ẹni tó bá sọ èdè mìíràn nílé kò ní wo tẹlifíṣọ̀n. Èkejì, ẹni tó kàwé yẹn, ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í kọ́ ọmọ ní èdè, ìdákẹ́ ló ń kọ́ ọ. Ọmọ máa ń sọ èdè nígbà tí nǹkan kan bá wà tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń sọ ọ́. A kò mọ ohun tí Táyé fẹ́ gbà lọ́wọ́ Màmá. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹran ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Màmá ló dáná. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì, pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́. Nígbà tó kan ẹran pípín, wọ́n gbé abọ́ síwájú Kẹ́hìndé, wọ́n ní, “Ìwọ ẹ̀gbọ́n, mú tìrẹ.” Kẹ́hìndé wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Nígbà tó rí i pé òun ni, kò tún bèèrè, ó ki ọwọ́ bọ abọ́.

Táyé dìde dúró. Ó fi Haúsá bẹ̀rẹ̀, ó gba Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ó rí i pé Màmá kàn ń wo òun ni, ó sì wá pariwo pé, “Rárá! Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde!”

Màmá gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀. “Tún un sọ.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde.”

“Jáde níbo?”

“Nínú ikùn Mọ́mì.”

“Ta ló rán ọ?”

Kò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n jẹ tẹ́tẹ́. Gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà sọ sí wọn, ìjà ló sì fi sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ni Táyé ń gbé ẹ̀rí tuntun wá síwájú Màmá, Yorùbá ló sì gbọ́dọ̀ fi rò ó, torí adájọ́ kò gbọ́ èdè mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ kan bá há sí i lọ́nà, á sá wá sí yàrá ìdáná: “Mọ́mì, kí ni Yorùbá máa ń pe ‘witness’?” “Ẹlẹ́rìí.” Á tún sá padà. Ó wá ìwé ìbí wọn jáde, ó fi han Màmá pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Màmá gba ìwé náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, wọ́n ní, “Ìwé yìí kọ aago tí ẹ jáde. Kò kọ ẹni tó ránni níṣẹ́.”

Ó wá ní òun ní ẹlẹ́rìí. Hajiya ni.

Hajiya ju Màmá lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí, àwọn méjèèjì sì ti ń kí ara wọn lórí ògiri láti ọjọ́ tí Màmá ti dé. Lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ti mú díẹ̀, wọn a tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà, wọn a jókòó. Bí ẹ bá bi wá pé èdè wo ni wọ́n ń sọ, a ó ní wọ́n ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ti bá ọjà rìn láti ọ̀dọ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ Yorùbá tipẹ́. Màmá á ní “àlàáfíà”, Hajiya á ní “lafiya”. Màmá á na ọwọ́ sí àlùbọ́sà, Hajiya á ní “albasa”. Wàhálà, tálákà, wàkàtí, àdúrà: èèyàn lè fi ìwọ̀nyí nìkan ròyìn ayé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí onítọ̀hún bá ti pẹ́ láyé díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìyẹn, Táyé ni ògbifọ̀.

Nígbà tí Màmá bèèrè lọ́wọ́ Hajiya pé ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì, Hajiya sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Táyé yíjú sí Màmá, ó ní, “Hajiya ní èmi ni.”

“Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn?”

“Gbogbo ẹ̀ nìyẹn.”

“Irọ́ ni!” Kẹ́hìndé ni o, ó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tipẹ́, òun náà sì gbọ́ Haúsá ju àkàrà lọ. “Hajiya ní Hassan ni ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní àgbà tó bá ń bá obìnrin du ẹran, kékeré ni!” Àwọn ìyá méjèèjì bú sẹ́rìn-ín papọ̀, ọ̀kan ti gbọ́ ọ lédè Haúsá, èkejì gbọ́ ọ ní Yorùbá.

Ẹ̀pà ló tún so wọ́n pọ̀ sí i. Hajiya ń ta ẹ̀pà sísun nínú ìgò àti nínú ọ̀rá kékeré, Màmá sì máa ń bá wọn ka ọ̀rá. Táyé jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan bí Màmá ti ń kà: mẹ́rìnlá, márùndínlógún, ẹẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún, méjìdínlógún. Ó ní kí ló dé tí ẹnu wọn ń gùn lójijì. Màmá ṣàlàyé fún un pé bí a bá ti dé márùndínlógún, a kì í wo ẹ̀yìn mọ́, ogún là ń wò, a sì ń ka iye tó kù kí ọwọ́ wa tó bà á. Méjìdínlógún ni ogún tí méjì dín nínú rẹ̀. Táyé dákẹ́ díẹ̀. Ó wá pariwo sí Hajiya, ó ní báwo ni wọ́n ṣe máa ń ka ọ̀rá méjìdínlógún. Hajiya ní, “Ashirin biyu babu.” Ogún, méjì kò sí.

A wà nínú ilé, a gbọ́ igbe ọmọ náà. Ẹ máa rò pé ó rí wúrà he. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ ọ ní ‘eighteen’ láti ọdún mẹ́ta, kò fi ìgbà kan pariwo. Ẹni tó kàwé nínú wa fẹ́ bọ́ síta kó lọ ṣàlàyé pé Haúsá ń lo ìyọkúrò yìí fún méjì àti ọ̀kan péré, pé ti Yorùbá ló bẹ̀rẹ̀ láti márùn-ún, pé àádọ́ta pàápàá, ọgọ́ta tí mẹ́wàá dín ni. Èkejì fà á láṣọ padà. Òun náà mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fa òun láṣọ. Láti ọjọ́ yẹn ni Táyé ti ń ka ohun gbogbo: àtẹ̀gùn, mọ́tò, irun àgbọ̀n Hajiya, èyí tí a ní kó má kà mọ́.

Lálẹ́, àlọ́ ni. Níbẹ̀ náà, ìbéèrè kò tán. Màmá á ní, “Ìjàpá dìde, ó lọ bá Ajá,” Táyé á ní, “Ẹ dákẹ́ ná, ọkùnrin ni Ajá yẹn àbí obìnrin?” Lédè Haúsá, èèyàn kò lè sọ pé ẹnì kan lọ láìsọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: ‘ya’ fún ọkùnrin, ‘ta’ fún obìnrin. Ó ń dun ọmọ náà pé Màmá ń fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Màmá, tí ẹnikẹ́ni kò bi ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún tí wọ́n ti ń pàlọ́, ronú sí i gidi. Wọ́n ní, “Bí ó ti ń jalè yẹn, ó ní láti jẹ́ ọkùnrin.” Bàbá àwọn ọmọ wúkọ́. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn.

Kí ọdún tó yí ni Ìdòwú náà gbé ẹjọ́ tirẹ̀ dé. Ó ti jókòó gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì rò pé kò bá tirẹ̀ mu. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó fi ọwọ́ sí ìbàdí, ó ní, “Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó kẹ́yìn dé ló rán àwọn yòókù, èmi ni mo kẹ́yìn. Èmi ni mo rán Táyé, mo rán Kẹ́hìndé. Èmi ni ẹ̀gbọ́n gbogbo yín.”

Táyé àti Kẹ́hìndé wo ara wọn. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn ṣe ọ̀kan. Màmá ní Ìdòwú kì í tan, ibi gbogbo lágídí rẹ̀ rí bákan náà, àní ní Jos tó tutù yìí. Ṣùgbọ́n a rí i pé àlàyé náà kan wọ́n lójú, torí wọn kò sọ ibi tó ti wọ́ sí.

Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ni Màmá dájọ́. Gbogbo wa péjọ, Hajiya náà fi abọ́ ṣìnkáfà ránṣẹ́, ó sì tẹ̀lé abọ́ rẹ̀ wá. Màmá ní Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, àwọn kò lè yí ohun tí àwọn bá láyé padà. Òun ni yóò máa kọ́kọ́ mú ẹran. Ojú Táyé ti ń rẹ̀ wẹ̀sì. Màmá ní, “Mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Orúkọ tìrẹ, kí ni?”

“Táyé.”

“Pè é kó gùn.”

“Táyéwò.”

“Kí ni wọ́n ní kí o wá fi ayé ṣe?”

Ó ronú. “Kí n tọ́ ọ wò.”

“Ó dáa. Ta ló wá yẹ kó máa tọ́ ọbẹ̀ wò nínú ilé yìí, kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́?”

Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ọmọ náà tó mọ ohun tí wọ́n fún un. Ẹ̀gbọ́n yóò dúró lórí ìjókòó rẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi jinná. Aṣojú rẹ̀ ni yóò wà lẹ́nu ààrò pẹ̀lú ṣíbí, ta ló sì gbọ́ pé a tọ́ ọbẹ̀ ẹran wò láìtọ́ ẹran inú rẹ̀? Kẹ́hìndé ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní òun kò ṣe ẹ̀gbọ́n mọ́. Màmá ní ẹjọ́ ti parí, kí wọ́n gbé ṣìnkáfà Hajiya wá.

Ẹni tó ní àwọn ń lọ bí ọdún bá yí, inú oṣù Kẹta ni wọ́n tó lọ, ọyẹ́ ti lọ tipẹ́, súwẹ́tà méjèèjì sì ti wà nínú àpò. Ọbẹ̀ ilé wa kì í jinná mọ́ báyìí láìjẹ́ pé Táyé wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti mọ iyọ̀ jù wá lọ. Ní alaalẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni Màmá ń pè lórí fóònù, òun ló sì ń kọ́kọ́ gbà á, torí ìròyìn ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìdòwú ló kù. Ó ní wọ́n fún Kẹ́hìndé ní ẹran, wọ́n fún Táyé ní ṣíbí, kí ni toun? Màmá ní kó ní sùúrù, àwọn ń wá iṣẹ́ kan bọ̀ fún un, àwọn yóò mú un dání bí àwọn bá ń bọ̀ nígbà ìsinmi gígùn. Ó ti ń ka ọjọ́ báyìí. Lánàá ó ní ó ku mẹ́tàdínlógún. Láàárọ̀ yìí, kó tó fọ eyín, ó wá dúró lẹ́bàá ibùsùn wa, ó ní ẹẹ́rìndínlógún ló kù, kí Màmá Àgbà má gbàgbé, wọ́n sì lè mú àwọn yòókù wá tí wọ́n bá fẹ́.